Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, Tọ́ọ̀bò àti Owó Táṣẹ́rẹ́

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún ṣe lè to ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, èyí tí kò ní rádíétọ̀, kí ó so tọ́ọ̀bò mọ́ ọn, kí ó sì gbé e lọ sá eré ìje tààrà. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ. Ìṣirò ń bọ̀.

Ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni mo máa lò. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, tí ẹ̀yà Ìjàpá sì ń gba orí òkun wá láti Bràsíìlì. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla, ní Mẹ́síkò, lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, èyí tí wọ́n ti ṣe jáde káríayé ti ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n, títí di òní ni àwọn ilé iṣẹ́ sì ń rọ ẹ̀yà tuntun fún un.

Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì nà sí ọ̀tún, méjì nà sí òsì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ gbalaja. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní 1600, ihò sílíńdà fẹ̀ ní 85.5 mm, písítìn ń rìn 69 mm, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,584 cc. Agbára ẹṣin 50 ló ń gbé jáde, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré ìje tààrà kò ní àwíyé púpọ̀. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ìdá mẹ́rin máìlì, ìyẹn mítà 402, ló borí. Kò sí kọ́nà, kò sí òkè. Gúúsù California ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi Ìjàpá ṣe é tó gbajúmọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, Joe Vittone tó ni EMPI ní Riverside ń ta ẹ̀yà tó ń mú Ìjàpá yára, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Inch Pincher sì ń lọ dójú ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà onísílíńdà mẹ́jọ. Gene Berg, tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ṣì ń dún lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, wà lára àwọn tó ń fi Ìjàpá sáré nígbà náà. Ní 1968 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpéjọ kan tí wọ́n ń pè ní Bug-In ní pápá Orange County International Raceway, kìkì Ìjàpá àti ìbátan rẹ̀ ló sì ń sá níbẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará California wọ̀nyẹn ṣe ń wá agbára. Kábúrétọ̀ Weber ńláńlá méjì, sílíńdà hẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ihò rẹ̀, kámù tó ń ṣí fáàfù gbayawu, kí ẹ́ńjìnnì lè yí ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó dára, ohùn rẹ̀ sì máa ń dùn létí. Àmọ́ owó ńlá ni. Ipá tí písítìn fi ń ja kọ́n-rọ́ọ̀dù nígbà tó bá dé òkè tó sì fẹ́ yí padà kì í bá ìyípo dọ́gba; ó ń yára pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì láti 6,000 lọ sí 8,000, ìyípo fi ìdá mẹ́ta lé, ṣùgbọ́n ipá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lé. Kíráńkì, kọ́n-rọ́ọ̀dù, sípírìngì fáàfù, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ di olówó gọbọi kí wọ́n tó lè gbà á mọ́ra.

Tọ́ọ̀bò kò béèrè ìyípo lọ́wọ́ yín. Afẹ́fẹ́ ló ń kì wọlé. Èéfín tó ń jáde lọ sí salẹ́ńsà á yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan. Kẹ̀kẹ́ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun á sì máa fún afẹ́fẹ́ tútù mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á máa yí ní 6,000 tó ti mọ́ ọn lára, àmọ́ oúnjẹ tó ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ní owó díẹ̀ ni kí ó ra afẹ́fẹ́, kí ó fi ìyípo sílẹ̀ fún àwọn olówó. Gbogbo ohun tí mo bá tún sọ lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ ló ti yọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ ní ọgbà mẹkáníìkì púpọ̀, pé tọ́ọ̀bò àti ẹ́ńjìnnì aláìlómi kò lè bára gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ tọ́ọ̀bò ní 1905. Nígbà tó di 1962, Chevrolet so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì Corvair, onísílíńdà mẹ́fà tí afẹ́fẹ́ ń tù, ó sì fún wọn ní agbára ẹṣin 150. Ọkọ̀ títì ni, kì í ṣe ọkọ̀ ìje. Ní 1973, Mark Donohue gbé Porsche 917/30 wá sí ìdíje Can-Am. Sílíńdà méjìlá, fáànù kan gbalaja lórí wọn, kò sí omi kankan ní ara sílíńdà, agbára ẹṣin rẹ̀ sì ju 1,000 lọ. Òun ló gba ife ọdún náà. Ooru tí ẹ kò bá kó níjàánu ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Omi kò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Ooru yìí ni kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń jóná.

Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìfúnpá tó tó 14.7 psi ní etí òkun. Bí tọ́ọ̀bò bá fi 14.7 mìíràn lé e, ìfúnpá di ìlọ́po méjì, ọmọ iṣẹ́ á sì rò pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà di ìlọ́po méjì. Lórí ìwé nìyẹn o. Ohunkóhun tí ẹ bá fún mọ́ra ló ń gbóná. Ká ní afẹ́fẹ́ wọ inú tọ́ọ̀bò ní 27°C, tí tọ́ọ̀bò náà sì dára dé ìwọ̀n ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde ní nǹkan bíi 120°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń fẹ̀, ó ń fúyẹ́. Dípò ìlọ́po méjì, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lẹ máa rí gbà. Èyí tó kù ti di ooru. Tí ẹ bá tu afẹ́fẹ́ náà padà sí 50°C kí ó tó wọ sílíńdà, ẹ padà sí ìlọ́po 1.86. Ẹ kò fi kún ìfúnpá rárá, ẹ sì ti rí agbára tó pọ̀ gbà.

Ohun tó tún burú ni pé epo àti afẹ́fẹ́ tó ti gbóná jù máa ń gbiná fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ sílíńdà, kí iná tí pọ́lọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí òkúta kéékèèké ń bọ́ sínú páànù, ṣùgbọ́n nínú ariwo ìdíje, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Orí písítìn á lù, etí tó di rìǹgì mú á kán, àṣá á sì gbé owó lọ.

Báwo ni ẹni tí kò lówó ṣe ń tu afẹ́fẹ́? Eré wa kì í pẹ́. Àárín ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí 13, ó ti parí. Ẹ kò nílò rádíétọ̀ afẹ́fẹ́ ńlá tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ sí níwájú ọkọ̀. Àpótí kan tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí omi sì yí i ká, pẹ̀lú kúlà yìnyín kan àti ẹ̀rọ omi kékeré, ó tó. Yìnyín kò wọ́n. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lo epo tó ń tu nǹkan fúnra rẹ̀. Ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe Ìjàpá ní Fusca, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Proálcool ní 1975, ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣe láti ara ìrèké sì dé gbogbo ilé epo. Ẹtánọ́ọ̀lù ń gba ooru púpọ̀ kí ó tó gbẹ di afẹ́fẹ́, kì í sì í yára gbiná fúnra rẹ̀ bíi pẹtiróòlù. Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń fi owó ńlá rà nínú gálọ́ọ̀nù, ọmọ São Paulo ń rà á ní ẹ̀bá títì. Kò yà mí lẹ́nu pé Fusca onítọ́ọ̀bò wọ́pọ̀ ní pápá ìje wọn. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ẹ̀yà Ìjàpá tiwa ti wá. Epo wọn nìkan ni kò bá a wá.

Mẹtánọ́ọ̀lù tún lágbára ju ẹtánọ́ọ̀lù lọ níbi ká tu nǹkan, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Májèlé ni. Tó bá gbiná lọ́sàn-án, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ iná rẹ̀. Èyí tó sì burú jù ni pé màgnẹ́síọ̀mù ni wọ́n fi rọ àgọ́ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bí màgnẹ́síọ̀mù bá gbiná, tí ẹnì kan bá da omi sí i, iná náà á túbọ̀ le ni. Ẹ ní ohun ìpaná tó yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ó yá, ẹ mú bébà, ká ṣírò.

Àwọn asáré ní ìṣirò kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn wọ́n. Ẹ fi agbára ẹṣin pín ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀, ní pọ́n-ùn. Ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ bá kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, á fún yín ní èsì yẹn. Ẹ sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ pẹ̀lú 5.825. Ohun tí ẹ bá rí ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ á fi rin mítà 402, bí táyà bá di ilẹ̀ mú dáadáa. Ìjàpá tí kò tíì sí ohun tí wọ́n ṣe sí i, pẹ̀lú awakọ̀, á tó pọ́n-ùn 2,000. Agbára ẹṣin 50 pín in sí 40. Ìṣẹ́jú àáyá 19.9 nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lè máa fẹ́ bá a díje.

Ẹ yọ àga ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà, àti gbogbo ohun tí kò wúlò fún eré, kí ó di pọ́n-ùn 1,800. Ẹ wá fi tọ́ọ̀bò gbé agbára dé 180. Ó pín sí 10, ó sì di 12.55. Ìṣẹ́jú àáyá méje ó lé ti lọ! Ẹ gbé e dé 225, ó pín sí 8. 2 ni nọ́ńbà tí à ń wá, ìṣẹ́jú àáyá 11.65. Kí ẹ tó rí 10 gééré ńkọ́? Ẹ máa nílò agbára ẹṣin 356. Ẹ wò ó dáadáa. Agbára ẹṣin 130 àkọ́kọ́, pẹ̀lú ẹrù tí a yọ, fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá méje ó lé. Agbára ẹṣin 131 tó wà láàárín 225 sí 356 kò fún wa ju kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Èyí àkọ́kọ́ náà sì ni owó rẹ̀ kéré. Ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín 180 sí 225 ni mo ń tò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ 356, kí ó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké olówó ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí owó wa kò pọ̀, ẹnu àáké gan-an la máa wò. Bí ẹ bá pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́rin lọ sí ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, méjì sí epo àti iná, ọ̀kan sí ọ́ìlì, ọ̀kan sí kọ̀lọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan sí tọ́ọ̀bò, ẹ sì tọ́jú èyí tó kù fún ohun tó máa bàjẹ́, torí nǹkan máa bàjẹ́. Ìdá kan péré ni tọ́ọ̀bò gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń yí ìyẹn padà: wọ́n á ra tọ́ọ̀bò tó ń dán gbinrin, wọ́n á wá fi owó tó ṣẹ́kù wá písítìn.

Sílíńdà tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti rà ni 90.5 mm. Pẹ̀lú kíráńkì 69 mm tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó ń fún wa ní 1,775 cc. Àwọn kan á ní kí n lọ sí 94 mm. Rárá o. Ara sílíńdà 94 fẹ́lẹ́ jù, kì í dúró ní róbótó tí ìfúnpá àti ooru bá dé, 90.5 nípọn. A ó fi afẹ́fẹ́ dí àlàfo cc tó ṣẹ́kù. Ẹ wá kíráńkì tó ní òṣùwọ̀n ìdọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kò ní in, ó sì máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí iṣẹ́ bá le, á wá máa lu bíárìn àárín. Kọ́n-rọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún sísán, tí wọ́n fi bóòtù tuntun tó lágbára sí, á gbà wá dé 6,000. A kò níí kọjá ibẹ̀.

Ẹ ṣí rìǹgì òkè sílẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó nǹkan bíi 0.5 mm ní ẹnu rẹ̀. Ooru tọ́ọ̀bò máa ń mú rìǹgì gùn. Bí ẹnu méjèèjì bá kanra, wọ́n á tì í mọ́ ara ògiri sílíńdà, písítìn á sì ya. Kọ́ńpréṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju 7.5 lọ tí pẹtiróòlù bá ni epo yín.

Ohun kan wà nínú Ìjàpá tó yàtọ̀ sí ọkọ̀ olómi tí ẹ ń tún ṣe lójoojúmọ́. Láàárín sílíńdà àti hẹ́ẹ̀dì 1600, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Irin kan irin ni. Ibi tí ìfúnpá máa ń gbà sá jáde nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rá ìlọ̀ fáàfù lọ ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan mọ́ ibùjókòó rẹ̀ títí àmì á fi yí po láìjá. Ẹ wọn gíga àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dọ́gba pátápátá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò gba owó, sùúrù ló ń gbà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yìí, kí ó má ra tọ́ọ̀bò.

Ní ti tọ́ọ̀bò fúnra rẹ̀, tókúnbọ̀ tó. Ọjà Ládípò, l'Ékòó, kún fún wọn. Ìlànà tó rọrùn ni pé pọ́n-ùn afẹ́fẹ́ kan láàárín ìṣẹ́jú kan ń fúnni ní nǹkan bí agbára ẹṣin 10. Fún 225, à ń wá tọ́ọ̀bò tó lè gbé pọ́n-ùn 22 sí 23. Garrett T3, irú èyí tó wà lára Saab 900 àti Volvo àtijọ́, lè ṣe é. K03 kékeré tó wà lára Passat àti Audi 1.8 kò lè ṣe é. Á ti máa fẹ́ ooru dípò afẹ́fẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ fọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá mì díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú, ọ́ìlì á gbé e. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, ẹ dá a padà. Ẹ wo etí abẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Níbi tó ti há tàbí tó ti fara kan ilé rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ́tí sí ìbúra ẹni tó ń tà á. Ohun tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Fáàfù tó ń tú èéfín dànù kí ìfúnpá má baà kọjá ààlà, ẹ ra tuntun, ẹ má ra ayédèrú. Bí òun bá lẹ̀ pọ̀, ìfúnpá á máa gùn lọ títí ohun kan á fi já.

Àwọn páìpù tó ń gbé èéfín lọ sí tọ́ọ̀bò, wẹ́ńdà àdúgbò lè jó wọn pẹ̀lú páìpù irin nínípọn. Kí ó ṣáà fi irin mìíràn gbé ìwúwo tọ́ọ̀bò sórí àgọ́ ẹ́ńjìnnì, kí páìpù má baà máa rù ú. Páìpù tó pọ́n bí ẹyin iná tó tún ń ru ẹrù á là ni.

Tí mo bá ní láti bá ẹnikẹ́ni jà lónìí, lórí epo àti iná ni. Ẹ lè gbé kábúrétọ̀ kan ṣoṣo síwájú tọ́ọ̀bò kí tọ́ọ̀bò máa fa epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Kò wọ́n, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ Ìjàpá dé òpin pápá. Àmọ́ ẹ kò lè tu àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú yìnyín láìséwu, tọ́ọ̀bò náà sì gbọ́dọ̀ ní ìdínà ọ́ìlì kábọ́ọ̀nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á fa ọ́ìlì rẹ̀ mu nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ìjẹ́tọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni mo fara mọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìdarí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè tò fúnra wọn, bíi MegaSquirt àti Speeduino, ti sọ iṣẹ́ tó ń ná owó ilé di iṣẹ́ tí ọmọ poly lè ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìjẹ́tọ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tú nǹkan bíi 450 cc láàárín ìṣẹ́jú kan á bọ́ agbára ẹṣin 225 pẹ̀lú pẹtiróòlù. Tó bá jẹ́ mẹtánọ́ọ̀lù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ó lé. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa epo ní tuntun. Ẹ̀rọ epo tókúnbọ̀ tó bá rẹ̀ ní àárín eré á sọ àdàpọ̀ yín di gbígbẹ nígbà tí ìfúnpá pọ̀ jù, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Iná pọ́lọ́ọ̀gì náà gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn: ìwọ̀n 1° fún psi kọ̀ọ̀kan ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá wò ó lórí ohun èlò. Ẹ dín àlàfo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì kù láti 0.7 mm sí nǹkan bí 0.5, torí afẹ́fẹ́ tó há máa ń paná.

Ọ́ìlì. Tí ẹ bá so tọ́ọ̀bò sísàlẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe, ọ́ìlì tó ń ti inú rẹ̀ jáde wá á ti di ìfófó, kò sì ní lè gun òkè padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa ra ẹ̀rọ mìíràn tí á máa fà á. Ẹ gbé tọ́ọ̀bò sókè. Ọ́ìlì á fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì ti fi owó ẹ̀rọ kan pamọ́. Àwo ọ́ìlì Ìjàpá kò gbà ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ẹ fi àpótí kan kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí nígbà tí ọkọ̀ bá ta kúrò, gbogbo ọ́ìlì ń sá lọ sẹ́yìn.

Ìsopọ̀ kíráńkì àti fláíwíìlì kò ní ju èèkàn irin mẹ́rin lọ láti ilé iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò mẹ́rin mìíràn, kí ó di mẹ́jọ. Gíábọ́ọ̀sì ni á kọ́kọ́ ké gbàjarè lẹ́yìn náà. Ohun tó gbè wá ni pé ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn lórí táyà tó ń wa ọkọ̀, nítorí náà táyà ń di ilẹ̀ mú láìsí ìnáwó. Ohun tó sì ń pa wá lára ni pé ilẹ̀ tó dì mú yẹn, gíábọ́ọ̀sì ló ń san owó rẹ̀. Ẹ má já kọ̀lọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní 6,000 kí àwọn tó ń wòran lè pàtẹ́wọ́.

Fáànù ńkọ́? Fáànù Ìjàpá ń jẹ agbára, ó sì ń jẹ púpọ̀ sí i bí ìyípo ṣe ń pọ̀. Àwọn kan máa ń yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò tí wọ́n bá fẹ́ sáré. Ó ṣeé ṣe, torí hẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù àti apá rẹ̀ nípọn bí ìkòkò irin: kò lè gbóná tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tì í wá sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tì í padà, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn àti jẹnẹrétọ̀ tì í lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Fún ọkọ̀ tí ẹ máa wà dé pápá, ẹ fi fáànù sílẹ̀. Ẹ fi wáyà ìwọn ooru sábẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì sílíńdà kẹta, torí òun ló sábà máa ń gbóná jù, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá 200°C.

Mo ní láti mẹ́nu ba ààbò. Ẹgbẹ́ eré ìje tààrà NHRA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1951 kì í gba ọkọ̀ àtijọ́ bí Ìjàpá tó bá sá 11.49 tàbí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ pápá láìsí irin ìdáàbòbò lókè orí awakọ̀. Ẹ́ńjìnnì wa lè dé 11.65 lórí ìwé, nǹkan díẹ̀ ló sì kù. Ẹ jó irin náà mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó nílò rẹ̀. Títì márosẹ̀ kì í ṣe pápá ìje, àwọn tó ń sá eré lóru lórí afárá mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé e dé pápá, ẹ fi ìfúnpá sí 6 psi. Ẹ ta ọkọ̀, ẹ gbé e dé ìdajì pápá ní gíà kẹta, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀lọ́ọ̀ṣì, kí ẹ́ńjìnnì má baà tún yí kí ó fọ àmì náà nù. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe jókòó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí ẹ̀ẹ́rún fàdákà kéékèèké lára ọ̀kan, alumíníọ̀mù písítìn nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ sáré mọ́ lọ́jọ́ náà. Bí gbogbo wọn bá ní àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi 2 psi kún un, ẹ tún tì í padà sí ìlà.